Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Láàárín Idà àti Ẹní: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Mi sí Japan

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ́ iaido ní London, ìyẹn ìmọ̀ fífa idà yọ nínú àkọ̀ lọ́nà àwọn ará Japan. Fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, afẹ́fẹ́ ni mò ń gé. Idà tí à ń lò kò lójú rárá, irin rírọ̀ tí kò ṣeé pọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá ń jẹ mí lọ́kàn: bí wọ́n bá gbé ohun gidi síwájú mi, ṣé ohun tí mo kọ́ yìí á gé e? Mo tọ́jú owó fún ọdún kan àbọ̀, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ sí Japan láti fi idà gidi gé ẹní tí wọ́n ká. Alaalẹ́ ni mò ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo tún un tò síbí fún ẹni tó bá ń gbèrò irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 1, Ọjọ́bọ̀: Haneda

Ilẹ̀ ti ṣú kí bàálù tó balẹ̀, òjò sì ń rọ̀. Mi ò gbé idà kankan lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ má gbé e. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ìbọn àti idà ní 1958 ṣì múlẹ̀ ní Japan: gbogbo idà tó lójú ló gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, idà tí wọ́n rọ nílẹ̀ òkèèrè kò sì lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ yín lẹ ó ti yá idà. Aṣọ nìkan ló wà nínú àpò mi: ẹ̀wù, ìgbànú, àti hakama, ṣòkòtò fífẹ̀ tó máa ń balẹ̀ dé kókósẹ̀.

Mo ra káàdì Suica ní Haneda, pápákọ̀ òfuurufú kan ní Tokyo, mo fi 5,000 yen sí i. Òun ni mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin, òun náà ni mo fi ra omi. Nígbà tí mo jáde ní ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ilé ìtura mi, òjò ti le. Obìnrin kan tí a jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà na agbòjò rẹ̀ sí mi, ó nawọ́ sí ilé gogoro kan lódìkejì títì, bí ẹni ń sọ pé ibẹ̀ lòun ń wọ̀. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sọ, ó ti sáré wọnú òjò. Agbòjò yẹn ni mo lò títí mo fi padà.

Ọjọ́ 2, Ọjọ́ Ẹtì: Ryogoku

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé idà wà ní Ryogoku, àdúgbò àwọn tó ń ja sumo. Ibẹ̀ ni wọ́n kó o wá ní 2018. 1,000 yen ni mo san. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń wò ó. Wọn kì í dúró ṣánṣán. Wọ́n á lóṣòó níwájú dígí, wọ́n á máa gbé orí sókè sódò díẹ̀díẹ̀ títí iná á fi kọ mọ̀nà lára irin, ìgbà náà ni hamon, ìlà tó máa ń wà lẹ́bàá ojú idà, á hàn. Èmi náà lóṣòó. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí n tó rí i: ìlà funfun bí ìkùukùu òwúrọ̀, láti ìdí irin títí dé ṣóńṣó.

Àwọn idà mìíràn wà tí wọ́n tú èkù wọn kúrò, kí èèyàn lè rí ìdí irin tí igi máa ń bò. Ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nígbà mìíràn orúkọ ẹlòmíì á tún wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó dán idà wò. Láyé àwọn Tokugawa, ìdílé tó ṣàkóso Japan nígbà kan, ìdílé Yamada Asaemon ló ń ṣe iṣẹ́ ìdánwò yẹn láti ìran dé ìran, òkú àwọn ọ̀daràn tí ìjọba bẹ́ lórí ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Bí idà bá gé ara méjì tí wọ́n tò lé ara wọn, wọ́n á fi wúrà kọ ọ́ sára irin. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ẹní tí mò ń lọ gé yìí, ara èèyàn ló dípò. Kò yẹ kí n gbàgbé, ó sì dára pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán: ìrẹsì mẹ́ta tí wọ́n dì bí òkìtì kékeré, tí wọ́n fi ewé inú òkun wé, àti tíì kan, gbogbo rẹ̀ kò tó 700 yen. Mo jókòó jẹ ẹ́ nínú ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, níwájú adágún.

Ọjọ́ 3, Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Nagoya

Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára, láti Tokyo dé Nagoya, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní 11,000 yen. Mo lọ tààrà sí Atsuta, ojúbọ tí wọ́n gbà pé Kusanagi, idà mímọ́ àwọn ọba Japan, wà. Kò sí ẹni tí wọ́n ń fi í hàn, mi ò sì retí à-ti-rí i. Àwọn idà mìíràn tí àwọn èèyàn fi ta ojúbọ náà lọ́rẹ ni mo wá wò, nínú ilé tí wọ́n ṣí ní 2021. Wọ́n gbé àwòkọ́ṣe idà gígùn kan síbẹ̀ kí àlejò gbé e wò. Ó ga jù mí lọ.

Apá ni mo fi gbé e. Ó kọ̀. Bàbá kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi fọwọ́ gbá ìbàdí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mi orí. Mo sún mọ́ ọn, mo jẹ́ kí orókún mi rọ̀, mo gbé e mọ́ra: ó gbéra. Bàbá náà pàtẹ́wọ́ fún mi wẹ́rẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì yé mi.

Ní abẹ́ àwọn igi ńlá inú ọgbà ojúbọ náà ni mo ti jẹ kishimen, oúnjẹ ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n gé ní pẹlẹbẹ gbọọrọ, nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ha ẹja gbígbẹ sí lórí. Otútù ti ń mú. Ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá dé ìlú.

Ọjọ́ 4, Ọjọ́ Àìkú: Seki

Láti Nagoya mo lọ sí Gifu, láti Gifu dé Mino-Ota, níbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin Nagaragawa, ọkọ̀ ẹlẹ́yọ kan tó ń lo epo. Ẹ kó owó ẹyọ lọ́wọ́, káàdì Suica mi kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà lẹ ó ti fa bébà pélébé kan tó ní nọ́ńbà yọ; nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye tí ẹ ó san fún awakọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Èmi ò fa bébà kankan. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ béèrè, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyá àgbà kan dìde láti ìjókòó rẹ̀, ó sọ ibi tí mo ti wọlé fún un, ó bá mi ka owó ẹyọ láti àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì da èyí tó kù padà sí mi lọ́wọ́. Ọmọ ìlú náà tí kò rí mi rí.

Ó ti lé ní 700 ọdún tí wọ́n ti ń rọ idà ní Seki. Ní ilé ìtàn àwọn alágbẹ̀dẹ wọn, wọ́n máa ń rọ irin níṣojú ará ìlú lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú àwọn oṣù kan. Mo ti wádìí oṣù Kọkànlá kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ̀yin náà ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó lọ.

Àwọn mẹ́ta wọ aṣọ funfun. Ọ̀gá jókòó nídìí iná, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fa ewìrì. Ewìrì tiwọn kì í ṣe awọ bíi tiwa: àpótí igi gbọọrọ ni, ọ̀pá kan ń wọ inú rẹ̀, ń jáde. Nígbà tí irin pọ́n dé bí wọ́n ṣe ń fẹ́, ó gbé e sórí irin tí wọ́n ń rọ nǹkan lé, ó fi owú kékeré lù ú, tán-tán, àwọn méjì tó kù sì gbé owú ńlá sókè. Owú kékeré ni ẹnu, owú ńlá ni ọwọ́. Iná fò débi tí a dúró sí. Mo rántí àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìn ọjà nílùú wa, níbi tí wọ́n máa ń rán mi lọ pọ́n àdá, bí bàbá yẹn náà kì í ṣe sọ̀rọ̀ sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe pẹ̀lú ìró irin.

Irin náà, tamahagane, yanrìn irin àti èédú ni wọ́n fi ń yọ ọ́, ní Shimane. Wọ́n á na án, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tún na án. Lẹ́yìn tó bá ti di idà, wọ́n á fi amọ̀ kùn ún: amọ̀ á nípọn lẹ́yìn, á fẹ́lẹ́ lójú. Wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á rì í sómi. Ojú tó tutù kíákíá á le gan-an, á sì wú díẹ̀. Ẹ̀yìn tó tutù díẹ̀díẹ̀ á wà ní rírọ̀. Ibẹ̀ ni idà ti ń tẹ̀ kọ̀rọ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún ó kéré tán lábẹ́ ọ̀gá kó tó lè gbàwé àṣẹ, bó bá sì gbà á tán, idà gígùn méjì péré ni òfin fàyè gbà á láti rọ lóṣù.

Mo jẹ unagi lálẹ́, ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n yan lórí èédú, tí wọ́n tẹ́ sórí ìrẹsì. Awọ rẹ̀ ń dún lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀gbo. 3,600 yen. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọjọ́ 5, Ọjọ́ Ajé: ẹní

Ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wà ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Nagara, iyàrá gbọọrọ kan lẹ́yìn oko ìrẹsì tí wọ́n ti kórè. Sensei, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ fún wa. 3,000 yen lójúmọ́, 500 yen lórí ẹní kọ̀ọ̀kan tí mo bá gé.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo tẹríba. Ìkúnlẹ̀ ò ṣòro fún mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Sensei gbé fún mi ni kí n ká ẹní. Ẹní gan-an ni: ojú tatami, ẹní tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, tó ti gbó, tí àwọn tó ń tún ilé ṣe ti ká kúrò nílẹ̀. Koríko etí omi ni wọ́n fi hun ún, Kumamoto ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi, ẹni tó bá kẹ́yìn dìde ló máa ń ká ẹní, èmi ló sì máa ń jẹ́. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Sensei wo èyí tí mo ká, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fa okùn fún mi kí n dì í ní ibi mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ le dáadáa. Bó bá dẹ̀, idà á kàn máa tì í ni. Lẹ́yìn náà a rì wọ́n sínú agbada ńlá kan kí wọ́n sùn mọ́jú nínú omi. Ẹní gbígbẹ máa ń di idà mú, ẹní tó mumi á jẹ́ kó kọjá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì a óò gbé wọn nàró kí omi ro dànù.

Mo rò pé idà ló kàn. Ìrìn ló kàn. Sensei ní kí n rìn láti ògiri kan dé èkejì. Àtẹ́lẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ gbéra, fífà ni kí a máa fà á nílẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú síwájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń fẹ́ yà síta. Bó bá yà, ìbàdí á yà tẹ̀ lé e, bí ìbàdí bá sì ti yà, idà á yà. Orókún rọ̀ díẹ̀. Èjìká wálẹ̀. Ojú ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tó ń wo òkè tó jìnnà. Mo rìn bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni Sensei fi ìka kan ṣoṣo tì mí láyà, tí mo sì fi gìgísẹ̀ rìn sẹ́yìn! Ara mi máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní.

Lọ́sàn-án, wọ́n fún mi ní idà onígi. Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Odindi ọ̀sán kan ló gbà mí kí ọwọ́ mi tó tẹ èkù bó ṣe yẹ. Ọwọ́ òsì ló ni idà. Ìsàlẹ̀ èkù ló wà, ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e ló ń dì í mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kàn fara kàn án ni. Ọwọ́ ọ̀tún wà lókè, ó ń darí, kì í ti nǹkan. Bí ojú idà bá ti fẹ́ kan ohun tí a ń gé, ọwọ́ méjèèjì á yí sínú díẹ̀ bí ẹni tó ń fún aṣọ tó mumi, wọ́n á sì tún tú sílẹ̀. Mo fi idà onígi náà gé afẹ́fẹ́ ní ìgbà 300. Ilé ìtura mi kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbẹ̀, ó gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ 6, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: idà gidi

Kí ẹnikẹ́ni tó fa nǹkan yọ, a yẹ mekugi wò. Èèkàn ọparun kékeré ni, kò gùn ju ìka lọ, òun ló so irin mọ́ èkù. Bó bá yọ, irin á fò kúrò lọ́wọ́ ẹni lọ bá ẹlòmíràn. Ibi tó bá ti yá yín lára láti gé nǹkan, ẹ yẹ ẹ́ wò fúnra yín.

Sensei ní kí n fa idà yọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan, ṣẹ̀ẹ̀. Ojú idà ń fá inú àkọ̀. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́: òwe yẹn wá sí mi lẹ́nu, mo túmọ̀ rẹ̀, Sensei ní kí n tún un sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Lẹ́yìn náà ojú wọn le. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi bẹ́ẹ̀ gé ìka ọwọ́ òsì ara wọn, nítorí irin gba inú igi àkọ̀ jáde. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń fa idà: ọwọ́ òsì náà ń fa àkọ̀ sẹ́yìn, méjèèjì jọ ń pínyà ni, ẹ̀yìn idà sì ni kó máa fara kan igi, kì í ṣe ojú.

Wọ́n gbé ẹní kan kọ́ sórí èèkàn. Kesa ni gígé àkọ́kọ́, láti ìhà èjìká wálẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Orúkọ aṣọ tí àwọn mọ́ńkì máa ń gbé kọ́ èjìká kan ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà lọ lára. Idà máa ti ọ̀tún mi lókè bọ̀ wá sí òsì nísàlẹ̀. Nítorí náà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú, òsì wà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣe àṣìṣe lórí èyí. Bí ẹsẹ̀ òsì bá wà níwájú, idà tó gé ẹní kọjá, orókún yín ló ń lọ.

Mo mí. Mo gé. Idà wọ ẹní dé ìdajì, ó dúró, ẹní náà sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú idà nínú rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn jù, Sensei ní: àárín irin ni mo fi gé, apá ìhà ṣóńṣó, níbi tó ń yára jù, ló yẹ kó kan ẹní. Wọ́n gbé òmíràn kọ́. Mo sún sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí mo pinnu pé ó gbọ́dọ̀ gé, mo sì fi gbogbo agbára apá ọ̀tún mi sí i.

Ó gé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ìró náà wúwo, bí ìgbà tí a fi pátákó gbá tìmùtìmù. Nígbà tí Sensei gba idà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n gbé e sójú tí wọ́n wo ọ̀nà gígùn rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fà á lé akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ́wọ́. Òun náà wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Idà ti tẹ̀ sápá òsì, níbi tó tó ìdá mẹ́ta sí ṣóńṣó. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú tó bá rí i kò tún lè gbójú kúrò.

Omijé bọ́ lójú mi. Idà náà ti dàgbà jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Sensei ní kí n dìde. Wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti mọ̀: ojú idà ń wo ibì kan, ọwọ́ mi ń tì í gba ibòmíràn. Hasuji ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, pé kí ojú idà àti ọ̀nà tó ń rìn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá yàtọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ irin ló ń gbá ẹní. Ẹ̀yìn rírọ̀ tí mo rí bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ kùn lọ́jọ́ Àìkú, òun ló gbà á tó fi tẹ̀ dípò kó ṣẹ́. Wọ́n mú igi kan jáde tí wọ́n ti gé ojú gbọọrọ sí, wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí rẹ̀.

Kí n tó lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń túmọ̀ fi àwòrán tó fi fóònù yà hàn mí. Mo rí ara mi: ẹ̀yìn mi tẹ̀, orí mi ti ṣáájú, ìdí mi yọ sẹ́yìn, apá ọ̀tún mi na gbọọrọ. Mo mọ ìdúró yẹn. Lọ́jọ́ ìṣánko nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa pẹ̀lú àdá, bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ń ṣán, ìbàdí ò sì ní iṣẹ́ kankan. Ọdún mẹ́rin ní London kò tíì yọ ọ́ kúrò lára mi. Afẹ́fẹ́ kò sọ fún mi.

Ọjọ́ 7, Ọjọ́rú

Ìsinmi. Apá mi ò lè ga. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, 800 yen. Ẹni tó bá fín ara kó kọ́kọ́ béèrè, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í gbà wọ́n. Ìyá kan tí a jọ wà nínú omi rí àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó, ó sì ṣàfihàn fún mi pé kí n má rì í sínú omi gbígbóná. Nígbà tí mo jáde, ó ti fi èso kaki mẹ́ta, pupa bíi tòmátì, sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà.

Ọjọ́ 8, Ọjọ́bọ̀: òṣùká

Ẹ̀rù ń bà mí. Sensei mú idà kan náà tí mo tẹ̀, wọ́n gbé e fún mi. Mo ní rárá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní òmíràn. Wọ́n kọ̀.

Idà onígi la kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi gé afẹ́fẹ́ ní ìgbà mélòó kan, ẹ̀yìn mi ń tẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń tẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dá a dúró. Nígbà náà ni Sensei mú aṣọ ìnura kékeré kan, wọ́n ká a róbótó, wọ́n gbé e lé mi lórí. Wọ́n ní kí n máa fi idà gé afẹ́fẹ́, kí aṣọ náà má jábọ́.

“Òṣùká!” Mo pariwo rẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n béèrè ohun tí mo wí. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, a máa ń ká aṣọ báyìí sórí kí a tó gbé garawa omi lé e, pé láti odò dé ilé, omi ò gbọdọ̀ dà. Sensei wò mí títí. Wọ́n ní: “Rìn bí o ṣe máa ń rìn nígbà náà.”

Mo rìn. Ọrùn dúró. Èjìká bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó ru omi kì í ká èjìká sókè. Orókún rọ̀. Ìbàdí ló ń gbé mi lọ, orí mi kò sì lọ sókè sódò. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tò fún mi láti ọjọ́ Ajé, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ara mi ti mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ara tó ń ṣán koríko ni mo gbé wá fún wọn, ara tó ń ru omi ni wọ́n ń wá.

Mo gé ẹní mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ ò dára. Ní ìkejì, mo gbé idà sókè, mo fà ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ìbàdí tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì fà á wálẹ̀, ṣóńṣó ló sì kọ́kọ́ jáde lọ, ó ya ọ̀nà gbígbòòrò níwájú mi. Mi ò mọ ìgbà tó kan ẹní. Ìró afẹ́fẹ́ nìkan ni mo gbọ́, fíì, níwájú. Ọwọ́ òsì dá a dúró nítòsí ìbàdí mi. Ẹní náà ṣì dúró. Mo rò pé mo tàsé. Lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ yọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì jábọ́.

Sensei ò wo èmi, ojú ibi tí idà gbà ni wọ́n ń wò. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, nítorí ẹní kì í purọ́. Bí ojú gígé bá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pátákó tí wọ́n fá, ọ̀nà idà tọ́. Bó bá jin kòtò láàárín bí ṣíbí, ọrùn ọwọ́ ti yí láàárín ọ̀nà, tàbí èèyàn fà á mọ́ra jù. Bí koríko bá fà yọ bí irun nísàlẹ̀, idà ti ń lọ́ra kó tó jáde. Tèmi tẹ́ títí dé ibi tó kù díẹ̀, ó wá jin. Wọ́n fi ìka kàn án níbẹ̀: “Ibí ni ọwọ́ ọ̀tún ti rántí ara rẹ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn mo gbìyànjú láti gé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gé nínú mẹ́ta. Gígé ní ìbú, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn, nítorí níbẹ̀ ni ẹní máa ń fò kúrò lórí èèkàn. Nígbà tí a ń mu tíì, Sensei fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà kan, ei, tó túmọ̀ sí ayérayé. Wọ́n ní àwọn tó ń kọ́ ìkọ̀wé dáadáa máa ń fi lẹ́tà yìí kọ́ ìlà mẹ́jọ tí wọ́n fi ń kọ àwọn lẹ́tà wọn, àti pé nínú rẹ̀ ni Nakamura Taizaburo, ọ̀gá idà kan tó kú ní 2003, ti rí ọ̀nà mẹ́jọ tí idà lè gbà gé. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi tẹ̀ lé ìlà náà lórí bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó ti ọ̀tún lókè wá sí òsì nísàlẹ̀, wọ́n ní, ìyẹn lo ṣe lónìí díẹ̀. Mo ṣe bébà náà lọ́jọ̀ sínú ìwé mi.

Ọjọ́ 9, Ọjọ́ Ẹtì

Ọkọ̀ mi ò ní gbéra títí di ọ̀sán, mo sì lọ síbẹ̀ láàárọ̀ fún ìtọ́jú idà. Omi ẹní máa ń mú irin dípẹtà kíákíá, a kì í fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo fi bébà rírọ̀ nù ún, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, ẹ̀yìn ni ọwọ́ máa ń wà, ojú kì í kọ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo fi ìyẹ̀fun òkúta lù ú wẹ́rẹ́, mo nù ún, mo wá fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Òróró náà ń ta sánsán bíi kànáfùrù, kànáfùrù sì ni lóòótọ́. Iyàrá náà ń rùn bí ibi tí ìyá àgbà mi ń se àgbo sí.

Mo gbé idà náà sójú, mo wo ọ̀nà gígùn rẹ̀. Mi ò rí ibi tó ti tẹ̀ mọ́. Sensei ní àwọn ṣì ń rí i.

Mo san owó ẹní mẹ́jọ, 4,000 yen. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, àwọn náà kúnlẹ̀ dá mi lóhùn. Wákàtí kan ṣì kù kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì máa wá gé ẹní lọ́jọ́ Àìkú. Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ká mẹ́fà, mo dì wọ́n níbi mẹ́ta mẹ́ta, mo sì rì wọ́n sínú agbada.